Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ọgbà Olorì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹsàn-án 2024

Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo mú àlejò yí ààfin ká lónìí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìjagun láàárọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn náà àwọn tó dá wá, méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, tí mo kó pọ̀ tí wọ́n di ogún. Ọ̀dọ̀ àwọn ìkẹyìn yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo mú wọn gba ibi tí mo máa ń mú gbogbo ènìyàn gbà. Ẹnu ọ̀nà ńlá. Yàrá tí a kó ohun àtijọ́ sí. Mọ́tò àkọ́kọ́ tí ọba Ìdóyè gùn, tí kò ní táyà mọ́. Àwọn ọ̀kín méjèèjì – wọ́n ya fọ́tò títí ó fi sú àwọn ọ̀kín. Lẹ́yìn náà, ọgbà olorì. Nítorí ọgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń wá: ọsàn wẹ́wẹ́ tó tò lọ gbọọrọ, àgbálùmọ̀ tó dàgbà ju ààfin tuntun lọ, pèrègún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn pátápátá.

Níbi ilẹ̀kùn yẹn ni mo ti máa ń sọ ìtàn Olorì Ràmọ́tà. Mo sọ ọ́. Pé òun ló kéré jù nínú àwọn olorì. Pé ó gba ilẹ̀kùn yìí jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1946, kò sì padà mọ́. Pé dẹ́rẹ́bà lọ́rì kan ló ń dúró dè é lójú ọ̀nà Ìbẹ̀fun, tó fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti fi pè é. Mo fi ẹnu fọn fèrè náà: píì, píì, píì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Màmá kan kò rẹ́rìn-ín. Arúgbó ni, ó fi hìjáábù funfun borí, àpá ìgbóná wà lójú rẹ̀ wẹ́wẹ́wẹ́. Ọmọbìnrin kan dì í lápá mú. Ó rọra rìn dé ibi ilẹ̀kùn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Kò wò mí. Ó ní, "Ìyá mi lẹ ń wí yẹn."

Mo gbé makirofóònù kúrò lẹ́nu. Ọmọbìnrin náà ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n lọ. Èmi náà mú àwọn tó kù lọ síbi adágún ààfin, ibi tó kàn. Mi ò rántí ohun tí mo sọ fún wọn níbẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbọ́ ìwàásù.

Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Kò sí dẹ́rẹ́bà kankan. Èmi Déọlá ni mo dá a sílẹ̀.

Ọdún kẹjọ rèé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amọ̀nà àlejò ní ààfin. Òjò ń ṣú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yán, ọ̀kan ti ń wo fóònù rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ní lọ́wọ́ nígbà náà kò ju gbólóhùn kan lọ: Olorì Ràmọ́tà gba ibí jáde lọ́dún 1946, kò padà. Ni ẹni tó ń wo fóònù bá bi mí, "Ta ló tẹ̀ lé lọ?" Mo ní, "Dẹ́rẹ́bà lọ́rì." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ lẹ́nu mi. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn! Lọ́jọ́ kejì mo fi fèrè kún un. Nígbà tó yá mo fún ọkùnrin náà ní fìlà pupa.

Ìtàn náà ti wọnú ìwé pélébé tí à ń pín. Ó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àfẹ́sọ́nà ń wá ya fọ́tò níbi ilẹ̀kùn. Láàárín ọdún mẹ́jọ yìí, kò sí ẹni tó bi mí pé níbo ni mo ti gbọ́ ọ.


Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, akọ̀wé ààfin, bi mí ìdí tí mo fi fo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lónìí. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.


Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ bá Baba Gbàdàmọ́sí nídìí àgbálùmọ̀. Òun ló ń tọ́jú ọgbà, bàbá rẹ̀ ló tọ́jú ọgbà ṣáájú rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ó ṣì ń gun àkàbà. Òun ló fún mi ní gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá yín sọ gan-an nípa Olorì Ràmọ́tà?"

Ó gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ti sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn. Olorì yẹn ló gbin ọsàn wẹ́wẹ́ tó tò yìí. Ó gba ibẹ̀ jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò padà.

Pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Òótọ́ ni. Ó sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo yọ ọmọ náà kúrò. Ọmọ kò bá ìtàn dẹ́rẹ́bà mu – ta ni yóò rẹ́rìn-ín sí obìnrin tó pọn ọmọ?

Mo ní, "Baba, ẹ ń gbọ́ mi láti ọdún mẹ́jọ yìí wá tí mò ń sọ ti dẹ́rẹ́bà. Ẹ ò sọ nǹkan kan."

Ó ní òun rò pé inú ìwé ni mo ti rí i. Ó ní ẹ̀yin lẹ kàwé. Ó mú àdá rẹ̀, ó padà sídìí igi.


Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Pátákó tuntun dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ya pátákó. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ – Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúnrìn ni orúkọ rẹ̀, "jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́" ló máa ń fi dá gbogbo ènìyàn lóhùn – ó pè mí kí n wá wò ó kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀. Ó ga tó mi. Wọ́n ya lọ́rì sí i. Wọ́n ya obìnrin tó ń sáré, gèlè rẹ̀ ń já bọ́. ILẸ̀KÙN OLORÌ ÀTI DẸ́RẸ́BÀ, lẹ́tà ńláńlá. Àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́jọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀, àwọn tó ń kọ ìwé nípa ibi ìgbafẹ́ káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, kí n yọ̀.

Mo ní ó dára.

Mo ní ó dára!


Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Fóònù dún nígbà tí mò ń sá aṣọ. Ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn ni. Ó ní Mardiyah ni orúkọ òun, olùkọ́ ni òun ní Ìbẹ̀fun, inú ìwé pélébé wa ni òun ti rí nọ́ńbà mi. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ọmọlúàbí. Ó ṣe bí ẹní ń tọrọ ààyè kó tó béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ó ní ìyá-ìyá òun, Alhaja Àsíátù, kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti darí dé. Ó ń jókòó sójú kan. Ó ń béèrè ohun kan náà lójoojúmọ́: ṣé ìyá òun ní ọkùnrin tí òun kò mọ̀? Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni Alhaja. Gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un nígbà ayé rẹ̀, ó ń tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, ó ń wá ibi tí irọ́ wà níbẹ̀.

Mardiyah ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, inú ìwé wo ni ó wà? Tí ẹ bá mọ orúkọ ọkùnrin náà, ẹ sọ ọ́ fún wa. Màmá ní kí òun ṣáà mọ̀ ọ́n."

Mo ní màá yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò? Orí ara mi?


Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Mo gba ààyè fún ọ̀la. Mo sọ fún Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ pé mo fẹ́ lọ kí ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá. Kì í ṣe irọ́.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Kí n kọ ọ́ tán kí n tó gbàgbé bí ó ṣe tò.

Mo wọkọ̀ dé Ìbẹ̀fun ní bí agogo mẹ́wàá. Ilé alájà kan, igi ọ̀dàn kékeré níwájú. Mardiyah mú mi wọlé. Alhaja jókòó lórí ẹní, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, àlejò kì í ṣe ọ̀daràn. Mi ò dìde. Mo ti múra ohun tí màá sọ sílẹ̀ látinú ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó ní òun fẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ìyá òun sọ fún òun, kí n wá fi wé ohun tó wà nínú ìwé mi.

Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni òun nígbà tí ìgbóná mú òun. Ẹni tí ìgbóná bá mú kò gbọdọ̀ sùn nínú ààfin. Àwọn àgbà ní kí wọ́n gbé òun lọ sí abà, kí ìyá arúgbó kan máa tọ́jú òun níbẹ̀ títí ibi tó bá yọrí sí. Ìyá òun ní ta ni yóò gbé ọmọ òun lọ? Ó pọn òun nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó gba ẹ̀yìn ọgbà jáde kí wọ́n má bàa gba àgbàlá ọba kọjá. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé oko àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìbẹ̀fun. Alhaja ní òun kò rántí ọ̀nà. Òun rántí ẹ̀yìn ìyá òun, pé ó tutù, ara òun sì gbóná.

Oṣù mẹ́ta. Kí ara rẹ̀ tó dá, ọba wàjà. Wọ́n ránṣẹ́ pé ọba tuntun yóò ṣú àwọn opó. Olorì Ràmọ́tà ní òun ti lọ́kọ lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ó jókòó sí Ìbẹ̀fun, ó ń yan gàrí tà. Kò sí ẹni tó wá wo ọmọ náà láti ààfin. Ọdún 1989 ló kú. Kò fẹ́ ẹlòmíràn.

"Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn," Alhaja wí. "Ṣùgbọ́n ìyá lè fi nǹkan pa mọ́ fún ọmọ. Ó ṣeé ṣe. Mo ti dàgbà, mo lè gbọ́ ọ. Sọ orúkọ ọkùnrin náà fún mi."

Mo ní, "Màmá, kò sí ọkùnrin kankan."

Ó ní, "Kí ni o wí?"

Mo ní, "Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọléèwé rẹ́rìn-ín. Kò sí ìwé kankan. Kò sí dẹ́rẹ́bà, kò sí lọ́rì. Irọ́ mi ni, ẹ dárí jì mí."

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Mo ń retí igbe. Mardiyah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní "Háà!" bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Nígbà tí mo gbójú sókè, Alhaja ti fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹkún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni "Alhamdulillahi. Alhamdulillahi." Ó ń tún un sọ. Ó ní, "Mo ti ń bínú sí i! Mardiyah, láti ọjọ́ mẹ́wàá ni mo ti ń bínú sí ìyá mi nínú sàréè!"

Ó sunkún, ó nu ojú. Ìgbà yẹn ni ìbínú tó dé. Ó pè mí ní orúkọ mi. Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" Mo ní méjìdínlógójì. Ó ní, "Ìyá mi ò tó ìyẹn nígbà tó pọn mí jáde. Ìwọ lo wá so ọkùnrin mọ́ ọn lọ́rùn. Ọdún mẹ́jọ ni o ti ń fi ṣe ẹ̀rín." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ní òun kò ní gbé mi ṣépè. Ó ní ẹnu tí mo fi sọ ọ́ ni kí n fi gbé e kúrò, níbi tí mo ti sọ ọ́ gan-an, níṣojú àwọn ènìyàn.

Wọ́n fún mi ní ìkọ́kọrẹ́. Alhaja jẹ tirẹ̀ tán. Mardiyah ń fojú wò mí láti òdìkejì yàrá, ó ń fi ìka tọ́ka sí àwo ìyá-ìyá rẹ̀.

Mo rìn dé ibùdókọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ṣì kù níwájú. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́.


Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Gbogbo rẹ̀.

Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó ní, "Jẹ́jẹ́, Déọlá, jẹ́jẹ́." Ó ní ta ló fẹ́ gbọ́ ti ìgbóná níbi ìgbafẹ́? Ó ní pátákó ti wà nílẹ̀. Ó ní àwọn àlejò máa wá nítorí dẹ́rẹ́bà yẹn. Kí n lọ bẹ màmá náà lábẹ́lẹ̀, kí n mú nǹkan díẹ̀ dání, ọ̀rọ̀ á tán.

Mo ní mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Ó ní kí n rántí pé ẹlòmíràn wà tó lè sọ ọ́.


Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Gbogbo lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ Kábíyèsí, ọwọ́ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ló ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n Baba Gbàdàmọ́sí ń gbé ọsàn wẹ́wẹ́ lọ fún Kábíyèsí láràárọ̀, fún ẹ̀kọ wọn. Mo kọ ojú ewé méjì. Mo kà á fún Baba. Ó ní kí n ka ibi tí Olorì ti pọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló fi lẹ́tà náà sísàlẹ̀ agbọ̀n, ó kó ọsàn lé e.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Kò sí èsì. Ẹgbẹ́ méjì wá. Mo dúró níbi ilẹ̀kùn, mo gbé ẹ̀yìn sí pátákó, mo sọ òótọ́ fún wọn. Ọ̀kan bi mí pé kí ni lọ́rì ń ṣe lára pátákó. Mo ní àṣìṣe ni.


Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Kábíyèsí ránṣẹ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò wò mí. Lẹ́tà mi wà lórí itan Kábíyèsí, omi ọsàn ti ta sí i.

Wọ́n ní, "Ta ló kọ́kọ́ sọ ti dẹ́rẹ́bà yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, Kábíyèsí."

"Ẹnikẹ́ni ò rán ọ?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi, Kábíyèsí."

Wọ́n ní ṣé mo mọ ọba tó fẹ́ ṣú obìnrin náà? Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò lè sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn: "Bàbá bàbá mi ni. Nílé wa, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ó sá. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó kọ̀." Wọ́n tún un sọ, bí ẹni ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò: "Ó kọ̀."

Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n yíjú sí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, wọ́n ní kí ó hú pátákó yẹn. Wọ́n ní kí a lọ bẹ Alhaja kó wá lọ́jọ́ tí àwọn àlejò máa wá, kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọba ni, ẹnu ọ̀nà ńlá ni kí ó gbà wọlé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìwé ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ńkọ́? Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Tó o bá tún fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, fi ọ̀kín ṣe é."

Mo dé ẹ̀yìn ilé kí n tó lè mí.


Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Mardiyah fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Alhaja dé ilé ìwòsàn lánàá. Wọ́n dá a dúró.

Ọlọ́run jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ná.


Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti dá a sílẹ̀! Ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà nítorí oúnjẹ tí kò níyọ̀. Ó ní kí Mardiyah sọ fún mi pé òun ń bọ̀.


Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n hú pátákó. Baba Gbàdàmọ́sí gé ewéko tó wà nídìí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹwàá

Alhaja dé ní agogo mọ́kànlá, aláàárì ni ìró àti bùbá, hìjáábù funfun. Ó gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé. Kábíyèsí dìde fún un. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi – ọba dìde. Alhaja fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní, "Ẹ kú àtijọ́, Ìyá."

Àwọn àlejò tó mẹ́rìnlélógún. A gbé àga sídìí ilẹ̀kùn fún Alhaja. Ó sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi, láìyára. Nígbà tó dé ibi ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ tó tutù, ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà gbé e sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń wo ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó yán.

Ni obìnrin kan láàárín wọn bá ṣí ìwé pélébé wa àtijọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ohun tí a kà yàtọ̀. Wọ́n kọ dẹ́rẹ́bà síbí. Ta ló sọ ìyẹn?"

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wúkọ́. Mo gbé makirofóònù sílẹ̀, kí ó má bàa jọ pé eré ni. Mo ní, "Èmi ni. Irọ́ ni. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, ọdún mẹ́jọ ni mo fi sọ ọ́ níbí yìí."

Gbogbo ojú kọjú sí mi. Obìnrin náà la ẹnu láti tún béèrè nǹkan.

Alhaja ní, "Ó ti wá bá mi nílé." Ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde. "Ibo ló kàn?"

Mo ní, "Adágún ni, Màmá."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ apá mi. A rìn níwájú, àwọn yòókù tẹ̀ lé wa. Nígbà tí a dé etí adágún, obìnrin tó ní ìwé pélébé béèrè pé ta ló gbẹ́ ẹ. Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ níbẹ̀, ó dùn, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo ní, "A ò mọ̀."

Alhaja fún apá mi pọ̀.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ó wí. "Olorì mẹ́ta ni, ìyá mi ka orúkọ wọn fún mi. Ẹ gbé àga mi wá."